Àga Iwájú Mọ́tò Ìyá Agbẹ̀bí

Ìyá Agbẹ̀bí kì í jáde nínú mọ́tò lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sílẹ̀, yóò sinmi. Yóò gbé ti òsì, yóò tún sinmi. Lẹ́yìn náà ni yóò di ilẹ̀kùn mú, tí yóò sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ń fa korobá omi láti inú kànga. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, kó tó nàró tán níwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá Onífóòmù, ó ti kérora, ó sì ti fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Ẹ wò mí," ó ní. "Èmi tí mò ń kọ́ àwọn aláboyún bí wọn yóò ṣe máa rìn, èmi gan-an ló wá ń rìn bí aláboyún."

Bàbá Onífóòmù fi àlùmọ́gàjí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ẹ káàárọ̀, Màmá. Mo ti ń sọ ọ́ fún yín ọjọ́ ti pẹ́. Àga yín ló ń jẹ yín lẹ́yìn. Ẹ má dá ọjọ́ orí lẹ́bi." Ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó sì pariwo sínú ṣọ́ọ̀bù. "Abẹ́rẹ́! Wá wo ohun tí ojú mi rí!"

Abẹ́rẹ́ kọ́ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga, ọwọ́ rẹ̀ sì yá nídìí òwú àti ẹ̀rọ ìránṣọ débi pé láti kékeré ni bàbá rẹ̀ ti ń pè é bẹ́ẹ̀, tí gbogbo àdúgbò sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìdánwò àṣejáde ni. Ní báyìí tó ń dúró de èsì, iṣẹ́ àga ọkọ̀ rírán ló ń bá bàbá rẹ̀ ṣe láti àárọ̀ di alẹ́.

Ó ti orí bọ inú mọ́tò. Àga awakọ̀ náà ti dárúgbó ju ẹni tó ń jókòó lé e lọ. Awọ tó bò ó ti ya láti ibi ìjókòó dé ibi tí ẹ̀yìn ń fara tì. Fóòmù inú rẹ̀ ti kú, ó ti jìn bí abọ́. Sípíríǹgì kan ti yọ orí síta, Ìyá Agbẹ̀bí sì ti ká aṣọ dí i lójú, ó tún wá gbé ìrọ̀rí kékeré lé gbogbo rẹ̀ lórí bí ẹni tó ń bo àṣírí.

"Màmá, ṣé àga lẹ ń jókòó lé ni àbí pàkúté?" Abẹ́rẹ́ bi í.

"Pàkúté ni, ọmọ mi. Ó sì ti mú mi láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ tú mi sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́ta yìí ti kọjá ti oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníbàárà. Ìyá Agbẹ̀bí ló gbẹ̀bí Abẹ́rẹ́. Nígbà tí ìyá ọmọ náà sì kú, tí ọmọ náà kò tíì lè dá ara rẹ̀ wẹ̀, òun ló máa ń yà lọ́dọ̀ wọn láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, tí yóò wẹ̀ ẹ́, tí yóò ya irun rẹ̀, tí yóò sì wọ aṣọ iléèwé fún un. Kì í sú Bàbá Onífóòmù láti sọ ọ́ pé, "Ọwọ́ Màmá lo kọ́kọ́ bọ́ sí, Abẹ́rẹ́, kí o tó bọ́ sí tèmi."

"Iṣẹ́ tìẹ nìyí," bàbá rẹ̀ sọ fún un nígbà tí Màmá ti fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. "Èmi fẹ́ lọ wọn àga inú bọ́ọ̀sì iléèwé kan lódìkejì ìlú. Tú u, bó o, gé fóòmù tuntun sí i, kí o rán awọ rẹ̀. Màmá máa wá gbé e nírọ̀lẹ́." Ó bẹ̀rẹ̀, ó nawọ́ sí abẹ́ àga náà. "Gbogbo ẹwà tó o bá ṣe sókè, ojú ló ń jẹ ẹ́. Bóòtù mẹ́rin tó de àga mọ́lẹ̀ yìí, ẹ̀mí ló gbára lé e. Fi sípánà dè wọ́n títí apá rẹ kò fi ní ká wọn mọ́."

"Mo mọ̀, Bàámi."

"Mo mọ̀ pé o mọ̀. Ẹnu àgbà ló ń yún mi."

Abẹ́rẹ́ fi gbogbo ọkàn ṣe iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ó tú àga sílẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì bó awọ àtijọ́ kúrò lára rẹ̀ bí ẹni bó èèpo ẹ̀pà. Ó fi ẹ̀mú fa sípíríǹgì alákọrí yẹn padà sáyè rẹ̀, ó fi wáyà so ó mọ́ àwọn yòókù. Fóòmù líle ló tẹ́ sísàlẹ̀, ó fi rírọ̀ lé e. Níbi tí ìdí ẹ̀yìn ń bọ́ sí, ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ fóòmù náà kí ó yọ díẹ̀ síwájú, nítorí ó ti ń wo bí Màmá ṣe ń dúró, ó sì mọ ibi tó ń dùn ún. Lẹ́yìn náà ló jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó rán awọ aláwọ̀ ilẹ̀ sí i, ojú ìránṣọ méjì méjì, tó tọ́ bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà. Nígbà tó parí, òun fúnra rẹ̀ jókòó lé e lórí tábìlì níbẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Òun náà mọ̀ pé iṣẹ́ náà dára.

Ó gbé àga padà sínú mọ́tò, ó to ihò rẹ̀ mọ́ ihò ilẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú sípánà ni ó gbọ́ ohùn kan láti ìpẹ̀kun òpópónà.

"Abẹ́rẹ́! Abẹ́rẹ́ o! O ṣì wà níbí?"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, èyí tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Ariwo. Kò sí ẹni tó gbọ́ ohùn rẹ̀ tí yóò bèèrè ìdí rẹ̀. Ó sáré dé, ó ń mí hẹlẹ, ó ti wọ aṣọ iléèwé rẹ̀ tó fi irin gbóná lọ̀ dáadáa.

"Ayàwòrán ti dé! Gbogbo wa ti tò sẹ́yìn iléèwé, ìwọ nìkan ló kù."

"Ẹ sọ pé ìrọ̀lẹ́ ni."

"Ó ní oòrùn ti ń lọ, òun kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Abẹ́rẹ́, àwòrán ìkẹyìn nìyí! Lọ́la àwọn mìíràn á ti kúrò nílùú. Bí a bá dàgbà tán tí wọ́n bi wá pé ibo lo wà, kí la fẹ́ wí? Pé o ń fún bóòtù?"

"Jẹ́ kí n kàn dè é."

"Wọn kò ní dúró!" Ariwo ti di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń fà á.

Abẹ́rẹ́ wo sípánà, ó wo ojú ọ̀nà. Ó sọ bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ihò wọn. Ó fi ìka fún àwọn méjì iwájú títí wọ́n fi mú díẹ̀. Àwọn méjì ẹ̀yìn, bó ṣe sọ wọ́n síbẹ̀ ló fi wọ́n sílẹ̀. Ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé kí Màmá tó dé, òun á ti padà. Ó tẹ̀lé ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Wọ́n ya àwòrán. Ṣùgbọ́n àwòrán tán, ọ̀rọ̀ kò tán. Àwọn kan ń sunkún, àwọn kan ń fi àwọn tó ń sunkún ṣe yẹ̀yẹ́, gbogbo wọn ń ṣèlérí pé àwọn kò ní gbàgbé ara àwọn. Ọ̀rọ̀ ń fa ọ̀rọ̀. Nígbà tí Abẹ́rẹ́ fi máa rántí ojú ọ̀run, ilẹ̀ ti ń ṣú lọ.

Òun àti Ariwo jọ ń bọ̀, láti ọ̀nà jíjìn ló sì ti rí i pé bàbá òun ti dé. Ìyá Agbẹ̀bí náà ti dé. Ó tilẹ̀ ti jókòó sínú mọ́tò, ó fara ti àga tuntun, ó di ojú bí ọmọ tí wọ́n gbé sí ẹ̀yìn.

"Abẹ́rẹ́ mi!" ó ké nígbà tó rí i. "Kí lo fi sínú àga yìí? Mo jókòó, ẹ̀yìn mi kò mọ̀ pé mo jókòó!"

Bàbá rẹ̀ ń fi àtàǹpàkò tọ ojú ìránṣọ náà lọ. "Mo ti wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀," ó ní. "Èmi tí mo kọ́ ọ, n kò lè rán an jù báyìí lọ."

Láti ìgbà tó ti ń kọ́ iṣẹ́, bàbá rẹ̀ kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ojú Abẹ́rẹ́ gbóná. Ariwo fi ìgbúnwọ́ gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ wá gbójú sókè.

"O ti dè é?"

Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ó sì bi í wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ti mọ ìdáhùn. Bí Abẹ́rẹ́ bá sọ pé òun kò tíì dè é, Màmá yóò ní láti tún jáde nínú mọ́tò, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì. Bàbá rẹ̀ yóò bi í pé ibo ló lọ. Ẹ̀rín tó wà lójú rẹ̀ yóò kú, níwájú Ariwo, níwájú Màmá.

"Mo ti dè é, Bàámi."

"Ó ṣeun."

Ìyá Agbẹ̀bí tan mọ́tò, ó sì wà á lọ jẹ́jẹ́.

Wọ́n ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ṣùgbọ́n Abẹ́rẹ́ sùn. Ó ti bá ara rẹ̀ sọ ọ́: ilé Màmá kò jìnnà, ilẹ̀ tó tẹ́jú ni láti ṣọ́ọ̀bù débẹ̀, Màmá kì í sì í sáré. Bí ilẹ̀ bá mọ́, òun á mú sípánà lọ, òun á ní òun fẹ́ tún un wò, òun á dè é, ọ̀rọ̀ á parí. Ta ló máa mọ̀?

Ilẹ̀ mọ́. Ó fi sípánà sínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì jáde. Géètì Ìyá Agbẹ̀bí wà ní ṣíṣí. Ibi tí mọ́tò máa ń wà ṣófo.

"Màmá ti jáde," obìnrin tó ń gbálẹ̀ lójúde kejì sọ fún un. "Wọ́n wá pè é. Ẹnì kan ń rọbí lókè lọ́hùn-ún."

Òkè. Ọ̀nà tó lọ sókè yẹn, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, àwọn ọlọ́mọlanke pàápàá máa ń sinmi ní àárín rẹ̀. Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ó ń sáré, sípánà ń lu itan rẹ̀, ó ń sọ lábẹ́ ẹ̀mí pé, "Ẹ rọra, Màmá, ẹ rọra, Màmá." Kó tó dé ìdajì òkè náà ló ti rí èrò.

Ohun tí àwọn tó wà níbẹ̀ sọ ni pé Màmá dúró díẹ̀ kí ọmọlanke kan lè kọjá. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, tí mọ́tò fò síwájú, wọ́n rí i tó yí sẹ́yìn lójijì. Ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára sítíárì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Mọ́tò náà fi ẹ̀yìn rìn wálẹ̀, kò sí ẹni tó dá a dúró, títí ó fi kọlu ògiri ilé kan.

"Ẹ wo àga bó ṣe já," ọkùnrin kan ń wí. "Ògiri tó kọlù yìí ló já a, ó le o."

Wọ́n ti gbé Ìyá Agbẹ̀bí sórí pákó kan. Ojú rẹ̀ ti funfun. Nígbà tó rí Abẹ́rẹ́, ó nawọ́.

"Ọmọ mi, o ti jí? Sọ fún wọn kí wọ́n rán ẹnì kan sí obìnrin yẹn. Kò yẹ kó dá wà."

Egungun ìbàdí ló dá. Dókítà sọ pé fún ẹni tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ohun kékeré. Kí ọjọ́ tó kanrí, Bàbá Onífóòmù ti dé ilé ìwòsàn, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Ìyá Agbẹ̀bí bí náà sì ti dé. Onípákó ni wọ́n ń pè é, nítorí pákó ló ń tà. Ọkùnrin líle ni, ẹni tí ìbẹ̀rù máa ń di ìbínú mọ́ lọ́wọ́. Kò jókòó. Ó dúró sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀, èérún pákó ṣì wà ní irun rẹ̀.

"Màámi, kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?"

"N kò mọ̀, ọmọ mi. Ó dà bíi pé mo ṣubú sẹ́yìn. Mo wá bíréèkì, ẹsẹ̀ mi kò bá a."

Onípákó yíjú sí Bàbá Onífóòmù. "Àna lẹ tún àga yẹn ṣe. Ẹ má bínú o. Ṣé kì í ṣe òun ló fà á?"

"Ìbéèrè tó yẹ ni," Bàbá Onífóòmù dáhùn. "Abẹ́rẹ́ ló dè é. Mo bi í lójú Màmá níbẹ̀, ó ní òun ti dè é." Ó wo ọmọ rẹ̀. "Tún un sọ kí Bọ̀ọ̀dá gbọ́."

Gbogbo wọn wò ó. Sípánà ṣì wà nínú àpò rẹ̀. Ó rí ojú bàbá rẹ̀, ojú tí kò ní iyèméjì kankan nínú.

"Mo dè é, sà," ó ní.

"Ọmọ mi kì í purọ́ fún mi," Bàbá Onífóòmù sọ.

Onípákó mí kanlẹ̀. Ó wá kọjú sí ìyá rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀. "Ẹ ti gbọ́ báyìí, Màámi. Ẹsẹ̀ yín ni. Mo ti ń sọ ọ́, mo ti ń sọ ọ́! Mo ní ẹ jókòó sílé, ẹ ní àwọn aláboyún ń dúró. Arúgbó tí kò mọ ìgbà tó yẹ kí òun sinmi, ara rẹ̀ ló máa sọ fún un. Ká ní ọmọ ẹlòmíràn lẹ yí mọ́tò lù ńkọ́? Ẹ kò ní wa mọ́tò mọ́, ẹ kò sì ní gbẹ̀bí ẹnikẹ́ni mọ́."

Ìyá Agbẹ̀bí yí ojú sí ògiri. Ó sọ ọ́ ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Bóyá òótọ́ lo sọ."

Onípákó ní kí wọ́n wọ́ mọ́tò náà lọ sí ibi tí òun ń kó pákó sí, ó fi tapólì bò ó, ó sì ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀ sí òun létí.

Ojoojúmọ́ ni Abẹ́rẹ́ ń lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn èèyàn ń yìn ín. Wọ́n ní ọmọ tó moore ni, wọn kò mọ̀ pé ẹrù ló ń gbé lọ, tó sì tún ń gbé padà bọ̀. Oúnjẹ kò wọlé fún un mọ́. Nígbà tí Ariwo gbé àwòrán kíláàsì wá, ó gbà á, ó sì dojú rẹ̀ délẹ̀ láìwò ó.

Ohun tó dùn ún jù ni pé Màmá kò ṣàròyé ìrora. Ọ̀rọ̀ àga náà ló máa ń sọ. "Ẹ̀yìn kò dùn mí rárá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn," yóò ní. "Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ dára, Abẹ́rẹ́. Má jẹ́ kí nǹkan tó ṣe mí yìí bà ọ́ nínú jẹ́ nípa iṣẹ́ rẹ. Èmi ni mo ti gbó."

Lọ́jọ́ kan, aláboyún kan wọlé wá kí i. Inú obìnrin náà ti ga. Ó kúnlẹ̀ tì í, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ gbẹ̀bí àwọn ọmọ mi tó ṣáájú. Èmi á dúró dè yín."

Ìyá Agbẹ̀bí gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó wò wọ́n bí ẹni tó ń wo ohun tó jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ọwọ́ wọ̀nyí ló kọ́kọ́ di gbogbo ọmọ àdúgbò náà mú.

"Wá ẹlòmíràn, ọmọ mi," ó ní. "Ara tí ó lè tàn mí jẹ lórí òkè, ó lè tàn mí jẹ níbi ìkúnlẹ̀. Ọwọ́ mi kò dá mi lójú mọ́."

Aláboyún náà sunkún jáde. Abẹ́rẹ́ dúró lẹ́bàá fèrèsé. Ó súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Màmá, mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín."

"Sọ ọ́, ọmọ mi."

Ọ̀rọ̀ náà dé eyín rẹ̀. Ó kàn ku kó la ẹnu. Ó wo ojú obìnrin tó wẹ̀ ẹ́, tó ya irun rẹ̀, tó wọ aṣọ iléèwé fún un. Ó rò ó bí ojú yẹn yóò ṣe yí padà.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín ya irun yín," ó ní.

"Inú mi á dùn sí i," Màmá dáhùn. Abẹ́rẹ́ mú òòyà, ó dúró sẹ́yìn rẹ̀ kí Màmá má baà rí omi ojú rẹ̀, ó sì ya irun funfun náà díẹ̀díẹ̀ títí Màmá fi sùn.

Láti ọjọ́ náà ni ìlera Ìyá Agbẹ̀bí ti ń lọ sẹ́yìn. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti wú nítorí ìdùbúlẹ̀ ọlọ́jọ́ gígùn. Nọ́ọ̀sì kan sọ ọ́ ní tirẹ̀ pé kò jà fún ara rẹ̀ ni, pé wọ́n á gbé omi fún un, á ní kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn.

Ní àárọ̀ kan, Abẹ́rẹ́ kò lè gbé ẹrù náà mọ́. Bàbá rẹ̀ ń tú okùn òwú nídìí ẹ̀rọ. Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ lórí àwọn èérún fóòmù.

"Bàámi, n kò dè é."

"Kí ni o kò dè?"

"Àga Màmá. Méjì ni mo fi ìka fún. Méjì yòókù, n kò fọwọ́ kàn wọ́n. Mo lọ ya àwòrán. Ẹ bi mí, mo purọ́. Bọ̀ọ̀dá bi mí, mo tún purọ́."

Bàbá Onífóòmù kò nà án. Kò pariwo. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì tún nù ún, bẹ́ẹ̀ kò sí ìdọ̀tí lára rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Mo fi ẹnu ara mi búra lé ọ lórí," ó ní. "Wọ bàtà rẹ. Màmá gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ lónìí."

Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, Onípákó wà lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó tẹ ìgbúnwọ́ lé orúnkún, ó di orí mú. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀.

"Ó ti lọ," ó ní. "Ìdájí yìí ni. Mi ò sí níbẹ̀."

Bàbá Onífóòmù jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. Abẹ́rẹ́ dúró níbẹ̀. Ó lè dákẹ́ nígbà náà. Òkú kì í bèèrè ọ̀rọ̀. Bàbá rẹ̀ gbójú sókè, ó wò ó, ó sì fi ìpinnu náà sílẹ̀ fún un.

"Bọ̀ọ̀dá," Abẹ́rẹ́ ní, ó sì kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ líle náà, "ẹsẹ̀ Màmá kọ́. Èmi ni. N kò de àga náà."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Onípákó ń wò ó, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀.

"Ọjọ́ tí mo bú u yẹn," ó bi í, "o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀, sà."

"O gbọ́ tí mo pè é ní arúgbó tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó sinmi?"

"Mo gbọ́."

"O mọ̀ pé irọ́ ni, o sì dúró, o ń wò mí?"

Onípákó dìde. Bàbá Onífóòmù rò pé ó fẹ́ na Abẹ́rẹ́, ó sì bọ́ sáàárín wọn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin líle náà kọjá lára wọn, ó dé ìdí ògiri, ó fi iwájú orí tì í, ó sì sunkún bí ọmọdé tí ó sọnù. "Màámi," ló ń wí. "Màámi, ẹ má bínú. Màámi, mi ò mọ̀."

Lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá Onífóòmù kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún oníbàárà kankan. Ẹni tó bá bi í, yóò sọ fún un bó ṣe rí, yóò sì fi kún un pé òun náà jẹ̀bi, pé òun gba ọ̀rọ̀ ẹnu níbi tó yẹ kí òun fọwọ́ kàn. Ọ̀pọ̀ gbé ọkọ̀ wọn lọ síbòmíràn. Láàárín bàbá àti ọmọ, ìkíni àti iṣẹ́ nìkan ló kù fún ìgbà pípẹ́.

Ìgbà tó yá, Onípákó yọ sí wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti rù.

"Mi ò wá jà," ó sọ. "Mo ti sọ ọ́ kiri gbogbo àdúgbò pé ara màámi ló dà á, pé kò yẹ kó máa gbẹ̀bí mọ́. Mi ò lè sọ ọ́ padà fúnra mi, wọ́n á ní ìfẹ́ ìyá ló ń pa mí. Ẹnu tó mọ òótọ́ ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́."

Abẹ́rẹ́ bá a lọ. Ilé dé ilé ni wọ́n lọ, ọ̀dọ̀ gbogbo obìnrin tí Ìyá Agbẹ̀bí ti tọ́jú. Ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, Onípákó á dúró sẹ́yìn, Abẹ́rẹ́ á sì sọ ọ́: "Ara Màmá kò kùnà. Ọwọ́ rẹ̀ kò kùnà. Èmi ni mo fi àga sílẹ̀ láìdè, tí mo sì purọ́." Àwọn kan bú u. Àwọn kan ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Ìyá arúgbó kan fà á mọ́ra, èyí ló sì dùn ún jù lọ nínú gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde ní ilé tó kẹ́yìn, Onípákó ní òun kò tíì lè sọ pé òun ti dárí jì í, ṣùgbọ́n òun dúpẹ́ pé ó wá. Ó yà lọ sí ọ̀nà tirẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni Abẹ́rẹ́ ì bá fi de àga náà. "Mo ti dè é" àti "N kò tíì dè é," ọ̀kan kò gùn ju èkejì lọ lẹ́nu. Iṣẹ́ tí a kò parí, ó ṣeé padà sí. Àṣìṣe ọwọ́ ṣeé tún ṣe bí ẹnu bá tètè jẹ́wọ́ rẹ̀. Irọ́ tí a fi bò ó ló ń dí ọ̀nà àtúnṣe, kì í sì í dúró lórí ẹni tó pa á: ó mú ìyá kan kú pẹ̀lú iyèméjì nípa ọwọ́ ara rẹ̀, ó mú ọmọ kan bú ìyá rẹ̀ láìsí ìgbà tí yóò fi bẹ̀bẹ̀. Ẹ sọ òótọ́ nígbà tí ẹni tó nílò rẹ̀ ṣì ní etí láti fi gbọ́.

Abẹ́rẹ́ dá nìkan rìn padà sílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ti sọ òótọ́ ní gbogbo ẹnu ọ̀nà, fún gbogbo ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ, àyàfi ẹnì kan.